Irin Lẹ Rà, Rọ́bà Lẹ Gbàgbé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ò fẹ́ gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kátápọ́ọ̀tù onírin, tí ẹ ní kó máa tọ́jú ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ tẹnu ẹ̀ jáde ni pé, "Irin mà ni! Kí ló fẹ́ ṣe é?" Á rẹ́rìn-ín, á jù ú sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò tàbí kó fi í sójú fèrèsé, ó di ọjọ́ mìíràn. Àwa ń sọ pé irọ́ ni. Irin kọ́ ni kátápọ́ọ̀tù. Irin ni ibi tí ẹ fi ọwọ́ dì mú. Rọ́bà gan-an ni kátápọ́ọ̀tù, ẹni tí kò bá sì tọ́jú rọ́bà rẹ̀, ohun ìjà tí kò mọ ẹni tí yóò bà ló gbé lọ́wọ́.

Ẹ wo èyí tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe fúnra wọn. Ẹ̀ka gúáfà tó pín sí méjì, túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, awọ tí wọ́n gé lára bàtà àtijọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò wà títí ayé. Igi yẹn á gbẹ, á là, ojú á sì rí i. Túùbù á gbó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gé òmíràn. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbó pa pọ̀, nítorí náà ẹni tó ni ín kì í gbé ojú kúrò lára ẹ̀.

Onírin ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dán. Ó wúwo lọ́wọ́. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á náà ló ṣì máa rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tó so mọ́ ọn ti kú tipẹ́. Dídán irin yẹn ló ń bo ikú rọ́bà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń sọ pé kátápọ́ọ̀tù onírin ń fẹ́ ìtọ́jú ju onígi lọ. Onígi á kìlọ̀ fún ẹ. Onírin ò ní sọ nǹkan kan títí rọ́bà á fi já.

Ẹ jẹ́ ká tún nǹkan kan ṣe níbí, torí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Àwọn kan máa ń sọ pé kátápọ́ọ̀tù ni Dáfídì fi pa Gòláyátì. Rárá o. Kànnàkànnà ni Dáfídì lò, okùn àti awọ tí èèyàn ń fì yípo kó tó jọ̀wọ́ òkúta sílẹ̀. Apá ẹni tó ń fì í ni agbára ibẹ̀ ti ń wá. Kátápọ́ọ̀tù tiwa yìí kò lè sí láyé kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń se rọ́bà. Rọ́bà tútù, bó ṣe ń jáde lára igi, a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà ooru, a sì máa le nígbà òtútù. Ní ọdún 1844 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tó sì ń fi iná sí i, tí rọ́bà fi di ohun tó ṣeé nà tí yóò sì padà sípò. Vulcanization ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn lédè Òyìnbó. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ yẹn: ibẹ̀ ni fọkanáísà tó ń lẹ túùbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti rí orúkọ tiẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ara igi ni rọ́bà ti wá, ohun tó bá sì ti ara igi wá, á gbó. Iná àti imí ọjọ́ kàn fún un ní ẹ̀mí tó gùn sí i ni. Wọn ò sọ ọ́ di irin.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí à ń gbé lé e lórí. Ọta irin roboto tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 4. Kátápọ́ọ̀tù tó dáa lè lé e jáde ní mítà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ju kìlómítà 200 ní wákàtí kan lọ. Mọ́tò tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀ lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ò ní wọ̀ ọ́. Gbogbo agbára yẹn, kí ọta tó gbà á lọ, inú rọ́bà méjì tí ẹ nà síwájú ojú yín ló wà. Bí ọ̀kan bá já nídìí irin nígbà yẹn, ta ló ń wá bá? Kì í ṣe ẹyẹ. Ojú yín ló ń padà wá bá. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí awọ tó gbé ọta dání ló ti já, ọta á yà kúrò lọ́nà: ó lè bà yín lọ́wọ́, ó lè ba ẹni tó dúró jẹ́jẹ́ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tó bá ń na rọ́bà tó ti sán, kò tiẹ̀ ní láti dé ọjà rárá. Ilé ara ẹ̀ ló ń sọ òkò sí.

Kí ló wá ń pa rọ́bà? Oòrùn ni àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti ooru rẹ̀ ń jẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ozone, tó máa ń la ojú rọ́bà, pàápàá rọ́bà tó wà ní nínà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi rọ́bà há nǹkan, tàbí kí ẹ yí i mọ́ irin gírígírí kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Bọ́ọ̀tù mọ́tò tó dúró sóòrùn láti àárọ̀, ààrò ni. Ojú fèrèsé, bákan náà. Inú àpò aṣọ tàbí inú agolo, níbi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ni kó máa gbé, kí rọ́bà sì wà ní dídẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni èyí tí a máa ń pè ní ọ̀rẹ́: epo. Ẹ mọ bí àwa èèyàn wa ṣe rí. Ilẹ̀kùn ń dún, ẹ bu òróró sí i. Kẹ̀kẹ́ ń le, ẹ fi girísì sí i. Àdá fẹ́ dógùn-ún, ẹ fi epo pa á. Ó dáa bẹ́ẹ̀, irin ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fi aṣọ elépo kan náà nu rọ́bà kó lè máa dán, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á nìyẹn. Epo á wọ inú ẹ̀, rọ́bà á wú, á rọ̀, okun inú ẹ̀ á sì tán. Kẹrosíìnì, bẹntiróòlù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, Vaseline, òróró ìdáná, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn níbi ká ba rọ́bà igi jẹ́. Omi àti ọṣẹ tí kò le ló tọ́ sí rọ́bà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji, ẹ fi páúdà díẹ̀ nù ún lára kó má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí gan-an ni wàhálà kátápọ́ọ̀tù onírin wà, tí àwọn tó ń sọ pé "irin ni" ò rò dé. Ohun tó jẹ́ oògùn fún irin, májèlé ni fún rọ́bà. Àwọn méjèèjì sì so pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi epo nu irin, kó kọ́kọ́ tú rọ́bà kúrò. Kó fi epo tín-ín-tín-ín nu irin, kó wá fi aṣọ gbígbẹ nu epo yẹn kúrò ní orí apá méjèèjì tí rọ́bà máa ń dì mọ́, kó tó dá rọ́bà padà. Bí ìyẹn bá le jù fún yín, ẹ má fi epo sí i rárá. Aṣọ gbígbẹ nìkan á ṣe yín lóore ju epo tí ẹ dà bo gbogbo ẹ̀ lọ.

A ò sì sọ pé kí ẹ gbàgbé irin o. Irin náà ní àrùn tiẹ̀. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin. Ẹni tó ń gbé etí òkun, ní Lẹ́kkí tàbí ní Àgbádárìgì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pàápàá ń gbé iyọ̀ wá bá a nínú ilé. Èyí tí wọ́n fi stainless ṣe máa ń fara dà á jù, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò ní dógùn-ún láéláé. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kì í dógùn-ún bí irin lásán, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì tètè máa ń gbọgbẹ́. Èyí tí wọ́n fi síǹkì yọ́ dà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, torí ó lè là nínú kí ó sì kán lójijì láì kọ́kọ́ tẹ̀. Èyí tí wẹ́dà àdúgbò bá fi irin rọ́ọ̀dù jó pọ̀, ojú ibi tó jó yẹn ni kí ẹ máa wò.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ka sí. Nígbà mìíràn ọta á ṣèèṣì kọ lu irin, á sì fi ojú àpá sílẹ̀ níbẹ̀. Etí àpá yẹn lè mú bí abẹ. Gbogbo ìgbà tí rọ́bà bá kọjá lórí ẹ̀, ó ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fi ìka kan gbogbo ibi tí rọ́bà ń fara kàn. Bó bá gún yín lọ́wọ́, ẹ fi sáńpépà tó kúnná fá a títí á fi jọ̀lọ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí irin ti le tó, kò lè fá ara ẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó máa sọ pé, "Ẹ̀yin wọ̀nyí náà, eré ọmọdé lẹ sọ di ìwé." Àwa bi wọ́n: ṣé ojú ọmọdé ni eré náà? Àwọn dókítà ojú nílẹ̀ wa mọ kátápọ́ọ̀tù dáadáa. Ó wà lára ohun tó ń gbé ọmọdé wá bá wọn. Rọ́bà tó já ní àrọ́pò lọ́jà. Ẹyinjú tó fọ́ ò ní. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ọmọdé tó lè fọ́ ojú, ìtọ́jú nǹkan ọ̀hún ti kúrò lọ́rọ̀ eré, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Ọdẹ tó bá máa wọ igbó lálẹ́ á kọ́kọ́ yẹ ìbọn ẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àṣejù.

Àwọn mìíràn á ní, "Owó dà?" Ìyẹn náà ò ràn. Aṣọ àkísà, omi, ọṣẹ, ewé sáńpépà kan, páúdà tó wà lórí tábìlì màmá yín: èwo ló wọ́n níbẹ̀? Ohun tó máa ná yín lówó ni rọ́bà tuntun, ohun tó sì ń jẹ́ kó tètè ná yín lówó ni àìtọ́jú. Rọ́bà pẹlẹbẹ tín-ín-rín máa ń gbó lẹ́yìn ìta ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Èyí tó rí bíi túùbù máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń nà án kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tó nà án tán tó wá dúró máa ronú ibi tó máa ta á sí, ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń nà án tó sì ń tú u sílẹ̀ láìsí ọta nínú ẹ̀. Kí agbára yẹn lọ síbo? Rọ́bà àti ọwọ́ yín ló máa gbà á.

Àwọn òbí kan ní ìdáhùn tiwọn, tó rọrùn jù lójú wọn: "Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jù ú síná." A gbọ́ wọn, a sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ á wá òmíràn, á sì máa gbé e pa mọ́. Níbo? Lábẹ́ páànù òrùlé, lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń se é láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kò ní lè fọ̀ ọ́ níta, kò ní lè béèrè lọ́wọ́ àgbà kankan bóyá rọ́bà ẹ̀ ti sán, kò sì ní lè wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú, torí gíláàsì yẹn á tú u fó. Ẹ̀ ń pè é ní ìdáàbòbò, àmọ́ kátápọ́ọ̀tù tó burú jù ní àdúgbò lẹ ń fi dá sílẹ̀. Òbí tó bá sọ pé, "Gbé e wá kí n wò ó," tó sì wò ó lóòótọ́, ló dáàbò bo ojú ọmọ ẹ̀.

Àìtọ́jú rọ́bà kì í kúkú ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. A ní igi rọ́bà tiwa, irẹ́, tó ń hù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1895, rọ́bà tó gba Èkó kọjá lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Àwọn èèyàn ya wọ inú igbó, wọ́n ń sá igi lára láìjẹ́ kó sinmi, torí owó tó ń wọlé lọ́jọ́ yẹn. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀lọpọ̀, òwò náà sì wó kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Igi tí wọn ì bá máa gba oje lára ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sá a pa. Àwa tí à ń ra nǹkan lónìí, tí à ń lò ó títí á fi já, tí a sì ń wá òmíràn, kí ló yà wá sọ́tọ̀?

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń tà á lọ́jà pẹ̀lú. Àwa ń ta á, ẹ̀yin ń tà á, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo wa. Ẹ máa ń sọ fún oníbàárà pé "èyí á bá ẹ kalẹ́." Irin rẹ̀ lè bá a kalẹ́. Rọ́bà ẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló ti wà lórí àtẹ nínú oòrùn kí oníbàárà tó dé? Kátápọ́ọ̀tù tí kò bá ní àrọ́pò rọ́bà pẹ̀lú ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ bí wọ́n ṣe ń so ó, ìdajì ọjà lẹ tà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ máa béèrè rọ́bà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó béèrè irin. Ẹ na rọ́bà ọ̀hún díẹ̀ níwájú wọn, ẹ wo ojú ẹ̀. Bó bá ti ní ìlà wínníwínní, ẹ dá a padà. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí tiyín ti wà nílé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Ẹ mú un jáde lónìí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ẹ di irin mú, ẹ yí ojú yín kúrò, kí ẹ sì rọra na rọ́bà kọ̀ọ̀kan síbi tí kò kọjú sí yín. Ẹ wo ìdí irin, ẹ wo ìdí awọ, torí ibi méjèèjì yìí ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ wá ìlà tó là, ibi tó ti funfun, ibi tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ibi tí etí ẹ̀ ti ya. Ẹ wo ihò inú awọ bóyá ó ti fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì wò bó bá ní nọ́ọ̀tì. Bí rọ́bà kan bá ti bàjẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ dá ìkejì sí; tuntun àti ògbólógbòó ò ní fà bákan náà, ọta ò sì ní lọ tààrà. Ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ wọn tuntun méjì kí wọ́n gùn dọ́gba.

Èyí tí ẹ yọ yẹn, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹ tó dà á nù. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ ní odindi, ọmọ kan máa ṣà á lórí ààtàn, á sì wá ẹ̀ka gúáfà tó máa so ó mọ́.